Báàjì Àyà Wa: Ìtàn Ọjà Tí Kò Ní Oníbàárà Kejì

  

Kí ẹ tó ṣí ojú ìwé tó kàn, a bẹ̀ yín, ẹ wo àyà yín. Báàjì róbótó tí wọ́n fi há yín láyà lẹ́nu géètì, tó ní àwòrán ọwọ́ méjì tó bọ ara wọn, a ò rà á ní Ìdúmọ̀tà, a ò sì rán ẹnikẹ́ni lọ sí Ṣáínà. Ní pálọ̀ ọ̀kan nínú wa, ní Ọgbà níbí, ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ọkọ rẹ̀ ló di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló gé ìwé.

Ìgbìmọ̀ ní kí akọ̀wé kọ ìtàn kan sínú ìwé àjọ̀dún yìí. Àwọn kan rò pé a ó kọ nípa ata tàbí gàrí, nítorí òun ló pọ̀ jù lára ohun tí à ń tà. Ṣùgbọ́n ìtàn báàjì la fẹ́ kọ. Báàjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹgbẹ́ yìí ká nígbà kan. Òun náà ló sì kọ́ wa ní ọgbọ́n tí a fi ń yá ara wa lówó títí di òní.

IBI TÍ BÁÀJÌ TI WÁ

Bọ́tìnnì aṣọ ni báàjì yìí jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1789, nígbà tí George Washington di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ wọ bọ́tìnnì idẹ tí wọ́n kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sí. Kò sí pínnì lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń rán an mọ́ ẹ̀wù ni, bí a ṣe ń rán bọ́tìnnì yòókù. Ní 1860, tí Abraham Lincoln ń du ipò ààrẹ, àwòrán ojú ènìyàn ti dé orí páànù kékeré tí wọ́n lè so mọ́ àyà.

Ọ̀rá ló sọ ọ́ di ọjà gbogbo ènìyàn. Ní nǹkan bí 1870, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Wesley Hyatt ṣe ọ̀rá líle kan tí wọ́n ń pè ní celluloid. Ohun tó lè rọ́pò eyín erin tí wọ́n fi ń gbẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń wá. Ní 1893, obìnrin kan ní ìlú Boston, Amanda Lougee, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí bọ́tìnnì aṣọ tí wọ́n fi irú ọ̀rá yìí bò lójú. Ilé-iṣẹ́ Whitehead & Hoag, ní ìlú Newark, ra ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọ́n ki wáyà tó lè gún aṣọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì gba àṣẹ tiwọn ní 1896. Ẹ ò rí i? Obìnrin wà níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹni mélòó ló wá mọ orúkọ rẹ̀ nínú gbogbo àwọn tó ti fi báàjì há àyà?

Ọdún 1896 yẹn gan-an ni William McKinley àti William Jennings Bryan jọ du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà. Báàjì kún ìgboro. McKinley wọlé, Bryan já. Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Páànù kan náà, ìwé kan náà, ọ̀rá kan náà ni wọ́n fi ṣe ti àwọn méjèèjì. Kí wọ́n tó ka ìbò, ọjà ni méjèèjì. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, ta ló tún ń wá ti Bryan ra? Ti McKinley pàápàá, ta ló ń ra báàjì ìpolongo ìbò nígbà tí ìbò ti kọjá? Ẹni tó tẹ báàjì ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ẹni tó wọlé. Bí kò bá ti gba owó rẹ̀ nígbà yẹn, ọ̀dọ̀ ta ni yóò ti gbà á?

Whitehead & Hoag tún ní ọgbọ́n kan. Ẹ̀yìn báàjì ìgbà náà ní kòtò, wọ́n á wá fi ìwé kékeré kan sínú rẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn sí. Ojú báàjì jẹ́ ti ẹni tó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ tiwọn. Ẹni tó bá yí i wò á mọ ibi tí yóò lọ bí òun náà bá fẹ́ ṣe tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀wé, tí ẹ ń ṣe kéèkì, tí ẹ ń ránṣọ, ẹ mú èyí lò.

BÁÀJÌ LỌ́DỌ̀ TIWA

Ní ilẹ̀ wa, àwòrán ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì, nítorí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló mọ̀wé kà. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Action Group sílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ní 1951, ọ̀pẹ ni àmì wọn. Ìyá arúgbó tí kò mọ A mọ ọ̀pẹ. Ní 1979, tí ẹgbẹ́ márùn-ún jọ du ipò, tí Bàbá Awólọ́wọ̀ àti Alhaji Shehu Shagari wà nínú wọn, iná ògùṣọ̀ ni ti UPN, ilé àti àgbàdo ni ti NPN. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwa tí à ń darí ẹgbẹ́ yìí nígbà náà. Bí a bá rí àgbàlagbà tó fi iná ògùṣọ̀ há àyà, a ti mọ ibi tó ń lọ, a ò ní kó tún sọ̀rọ̀.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, FESTAC ti wáyé ní Èkó, láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Ojú obìnrin ni wọ́n fi ṣe àmì rẹ̀, ojú Idia, ìyá Ọba Ẹ̀sìgìẹ̀ ti Ìbíní. Eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ ojúlówó rẹ̀, ó sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọba wa bẹ̀bẹ̀ fún un, àwọn òyìnbó kò gbé e sílẹ̀. Erhabor Emokpae ló ya àwòrán tí gbogbo ayé mọ̀. Ojú ìyá yìí wà lára aṣọ, lára ìwé, lára báàjì. Ohun tí wọn kò jẹ́ ká gbé wálé, a fi há àyà.

Ní ti June 12, kò pọn dandan ká ròyìn púpọ̀ fún ará Ìkẹjà. Ìtòsí wa níbí ni ilé Olóyè M.K.O. Abíọ́lá wà. Ẹṣin ni àmì ẹgbẹ́ SDP, ẹyẹ idì ni ti NRC. A dìbò ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993. Ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà, ìjọba ológun fagi lé e. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, báàjì ẹṣin di ohun tí ènìyàn ń fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ìyá ọ̀kan nínú wa wé tirẹ̀ mọ́ inú gèlè, ó kó o sí ìsàlẹ̀ àpótí. Nígbà tí ìjọba kéde ní 2018 pé June 12 ni yóò máa jẹ́ ọjọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa, màmá yìí yọ ọ́, ó nù ún, ó fi há àyà, ó sì jókòó síwájú ilé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọjá lọ ní òun fẹ́ rà á. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó máa lọ. Báàjì lè di ìrántí, ṣùgbọ́n kò lè di ọjà padà.

Àmọ́ o, ní àdúgbò wa, òkú àgbà ló ń bọ́ oníbáàjì ju òṣèlú lọ. Òṣèlú máa ń dé lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin. Òkú àgbà kò ní kàlẹ́ńdà. Wọ́n á fi àwòrán màmá síbẹ̀, ọdún tí wọ́n bí wọn àti ọdún tí wọ́n kú, pẹ̀lú “Sùn re o.” Àwọn ọmọ á fi há orí aṣọ ẹbí. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán o. Aṣọ ẹbí, ẹni tó bá lówó ló lè rà á. Báàjì ni alásè fi ń mọ ọmọ olóòkú yàtọ̀ sí àlejò, òun náà ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí yóò wọ yàrá ibi tí àpótí wà.

ÀJẸṢẸ́KÙ ÀTI ILÉ-IṢẸ́ NÍ ÀGBÈGBÈ WA

Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ wa ní àfọwọ́sowọ́pọ̀ láti òkèèrè. Ní 1907, àwọn àgbẹ̀ agbègbè yìí ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Agege Planters' Union, tí J.K. Coker, tó ní oko ní Ifakọ̀, jẹ́ olórí rẹ̀. Kòkó àti obì ni iṣẹ́ wọn. Òfin ìjọba lórí ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù kò tíì dé nígbà náà. Ọdún 1935 ló tó dé. Ọmọ ilé ìtàn yẹn ni àwa náà. Ẹni tó ń ta ata ń fi díẹ̀ pamọ́, ẹni tó ń ta gàrí ń fi díẹ̀ pamọ́, a sì ń yá ara wa nínú rẹ̀, pẹ̀lú onídùúró méjì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Nígbà tí oko tán ní apá ọ̀dọ̀ wa, ilé-iṣẹ́ ló gba ilẹ̀. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ìkẹjà ní 1962. Dunlop náà ń ṣe táyà. Ọjà wa jẹun lára wọn. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá gbowó oṣù, ọbẹ̀ á dùn ní Ọgbà. Ṣùgbọ́n iná ìjọba kò dúró, dísù wọ́n, ẹrù òkèèrè sì kún ìgboro. Ilé-iṣẹ́ ń tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kejìlá ọdún 2008, Dunlop dá iṣẹ́ ṣíṣe táyà dúró. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá tì, ọkọ ló ń dúró sílé, ìyàwó ló ń wá ọ̀nà mìíràn.

Báyìí ni báàjì ṣe wọ inú ẹgbẹ́ wa. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ń ta ìwé àti bírò lọ́jà. Ilé-iṣẹ́ kan dá ọkọ rẹ̀ dúró. Ó gbọ́ ní Ṣómólú, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí, pé ẹ̀rọ báàjì kò fẹ́ iná, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó wá yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ìyá alátà kan àti ìyá onígàrí kan dúró fún un. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Oníbáàjì fúnra rẹ̀ ló ní ká kọ ìtàn yìí, kí ọmọ ẹlòmíràn má bàa jìn sí kòtò kan náà.

BÍ WỌ́N ṢE Ń TẸ̀ Ẹ́

Ohun mẹ́rin ló wà nínú báàjì: páànù iwájú, ìwé tó ní àwòrán, ọ̀rá tó mọ́ gaara, àti páànù ẹ̀yìn tó ní pínnì. Ìwé gbọ́dọ̀ tóbi ju báàjì lọ, kí etí rẹ̀ lè ká lọ sẹ́yìn. Bí báàjì bá fẹ̀ ní mílímítà 58, ìwé rẹ̀ á fẹ̀ tó bíi 70. Ẹni tó bá kọ orúkọ sún mọ́ etí jù, orúkọ náà á ká lọ sẹ́yìn, “Bọ́lánlé” á di “ọ́lánl”.

Ẹ̀rọ náà ní ojú méjì. Ní ojú àkọ́kọ́, wọ́n á gbé páànù iwájú sí i, ìwé lé e, ọ̀rá lé ìwé, wọ́n á wá fa ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀. Ẹ̀rọ á gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra lọ sókè. Ní ojú kejì, wọ́n á gbé páànù ẹ̀yìn sí i, wọ́n á tún fa ọwọ́ ẹ̀rọ. Lọ́tẹ̀ yìí, etí ìwé àti ọ̀rá á ká wọ inú, páànù méjèèjì á di ara wọn mú. Ó parí.

Bí a ṣe sọ ọ́ yìí, ó dà bíi pé ó rọrùn. Ẹ lọ gbìyànjú rẹ̀. Lásìkò òjò, ìwé á gba ọ̀rinrin, á hunjọ lábẹ́ ọ̀rá. Bí yíǹkì kò bá tíì gbẹ, ojú olóògbé á di bí ẹni ń sunkún. Bí ìwé méjì bá lẹ̀ mọ́ra, ẹ̀rọ á há. Bí wọn kò bá wo ibi tí pínnì kọjú sí, màmá á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ láyà ọmọ wọn. Nígbà tí báàjì bá sì ti di, kò ṣe é tú láìbàjẹ́. Ohun tí wọ́n bá tẹ̀ ti di títẹ̀ nìyẹn.

ÀPÒ ABẸ́ IBÙSÙN

Fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, iṣẹ́ náà dára. Ó ń san owó ẹgbẹ́ déédéé. Ọkọ rẹ̀ tó ti ń rù nítorí ìrònú tún ń yọ̀, nítorí òun náà ti ní ohun tó ń fi ọwọ́ ṣe.

Nígbà ìpalẹ̀mọ́ ìdìbò 2015 ni ìránṣẹ́ ẹnìkan tó ń wá ipò dé. Ó ní 3,000 báàjì ni ọ̀gá òun fẹ́, kíákíá. Oníbáàjì béèrè àsansílẹ̀. Ọkùnrin náà yọ owó díẹ̀ tí kò tó ra ìwé. Ó ní, “Ìyá, ẹ máa ṣe é ná. Àbí ẹ ò mọ ọ̀gá ni?” Ó tún wá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́, ó yá owó kejì, àwọn ìyá méjì yẹn náà tún dúró fún un. Wọ́n ṣe é ní òru mọ́kànlá. Ìránṣẹ́ náà kó 1,000 lọ fún ìpàdé kan, ó ní òun ń bọ̀ wá kó èyí tó kù, òun á sì mú gbogbo owó wá. Kí ó tó dé, wọ́n dìbò abẹ́lé nínú ẹgbẹ́ òṣèlú wọn, ọ̀gá náà já. Fóònù kò lọ mọ́. Báàjì 2,000 wà nínú àpò méjì lábẹ́ ibùsùn, ojú ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín lórí gbogbo wọn.

Oṣù mẹ́ta kọjá, kò rí owó san. Òfin wa ni pé owó ìpamọ́ onídùúró la ó fi dí i. Owó tí ìyá onígàrí fi pamọ́ jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó fẹ́ san ní oṣù kìn-ín-ní. Ìpàdé ọjọ́ yẹn gbóná. A ti ṣe akọ̀wé pẹ́, a ò rí irú rẹ̀ rí. Ìyá alátà ń sunkún, ìyá onígàrí ń pariwo, oníbáàjì kò lè gbé ojú sókè. Ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Kó lọ ta báàjì náà! Ṣebí ọjà ni!”

Ìyá wa kan, tí wọ́n ti sùn báyìí, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn, dìde. Wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní ọ̀kan nínú báàjì náà. Wọ́n fi há àyà, wọ́n yí káàkiri kí gbogbo wa lè rí wọn. Wọ́n ní, “Èló lẹ ó ra èyí?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún béèrè, “Mo ní èló lẹ ó rà á?” Ilé pa rọ́rọ́.

Wọ́n wá ní, “Ata tó bá kù lónìí, ẹ ó gbẹ ẹ́. Gàrí tó bá kù, ó di ọ̀la. Aṣọ tí lágbájá kò rà, tàmẹ̀dò á rà á. Èyí, ẹnìkan ṣoṣo láyé ló lè rà á, ẹni náà sì ti sá. Ta ló ka èyí sí ọjà nígbà tí ẹ ń fún un lówó?”

Ẹ̀yin ará wa, àwa ni. Inú ìwé ẹ̀yáwó, ibi tí a ti ń béèrè ohun tí ẹgbẹ́ lè gbára lé bí owó kò bá wọlé, ọwọ́ akọ̀wé ló kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta síbẹ̀: “Ọjà wà nílẹ̀.” A ò béèrè irú ọjà tó jẹ́. A yá oníbáàjì lówó bí ẹni tó fẹ́ lọ ra gàrí ní Ìjẹ̀bú. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. A ti ń fi ẹ̀bi náà sọ̀rọ̀ lẹ́nu láti ìgbà yẹn. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí a ó kọ ọ́ sílẹ̀.

OHUN TÍ A ṢE

A ò já owó ìpamọ́ onídùúró. Nítorí pé ẹgbẹ́ ló ṣàṣìṣe nínú ìwé, gbogbo wa fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú èrè ọdún náà. Oníbáàjì náà fọwọ́ sí i pé òun á san ìyókù ní oṣù mẹ́rìndínlógún. Ó san án. Ó padà sídìí ìwé àti bírò, ó ń tẹ báàjì lálẹ́ fún àwọn ìjọ àti ilé-ìwé, ó sì san náírà tó kẹ́yìn ní 2016. Ọmọ onígàrí lọ sí ilé-ìwé.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan tún gún régé bí ìtàn. Ọmọ ẹgbẹ́ méje fi wá sílẹ̀ nítorí èrè tí a já. Mẹ́ta ló padà. Ìyá alátà kò bá oníbáàjì sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì, bẹ́ẹ̀ ìsọ̀ wọn kò jìnnà síra. Nígbà tí màmá ìyá alátà kú, oníbáàjì ló tẹ báàjì òkú náà. Ìyá alátà ka owó rẹ̀ pé sílẹ̀ lórí tábìlì kí wọ́n tó gé ìwé kan ṣoṣo. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n tún jọ rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè kan ti wà nínú ìwé ẹ̀yáwó wa tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: “Bí ẹni tó bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ kò bá dé, ta ni yóò ra á?” Bí ìdáhùn bá jẹ́ “kò sí,” a ò ní yáni lówó lórí iṣẹ́ náà àfi bí a bá fojú rí àsansílẹ̀ tó kárí gbogbo ohun èlò. Onídùúró náà gbọ́dọ̀ rí i. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kì í ṣe báàjì nìkan ni òfin yìí mú. Kéèkì tó ní orúkọ, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ife àti abọ́ ìrántí tí wọ́n tẹ àwòrán sí, aṣọ tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Orúkọ tó wà lára ọjà ló fún un ní iyì, orúkọ náà ló sì lé oníbàárà yòókù lọ.

Òfin kejì ni pé ká kọ́kọ́ tẹ ọ̀kan, kí ẹni tó ni ín wò ó, kó fọwọ́ sí i lórí ìwé, ká tó tẹ ìyókù. Ẹni tó bá rí i pé wọ́n ṣi orúkọ bàbá òun kọ, kó sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ báàjì kan.

ÌDÁNWÒ DÉ

Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo ń dífá ọrọọrún. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba ní kí gbogbo Èkó jókòó sílé nítorí àrùn kòrónà. Kò sí ìnáwó, kò sí ìsìn, kò sí òkú àgbà. Oníbáàjì wa ní iṣẹ́ òkú méjì lọ́wọ́ fún oṣù kẹrin. Àwọn ẹbí sún ọjọ́ síwájú, báàjì tí wọ́n ti tẹ ọjọ́ sí lára di ègbin. Ṣùgbọ́n owó ohun èlò ti wọlé, kò jẹ gbèsè. Ó wá fi ọgbọ́n kan kún un: báàjì òkú tirẹ̀ kì í sábà ní ọjọ́ ìsìnkú mọ́, àfi ọdún ìbí àti ọdún ikú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí owó bébà kò sì sí nílẹ̀, gbogbo ènìyàn ń fi fóònù sanwó. Àwọn aláyédèrú ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ èké hàn pé àwọn ti sanwó. Òfin wa di pé kì í ṣe ohun tó wà lójú fóònù oníbàárà là ń wò, ohun tó wọ inú àkáǹtì wa ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà, ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó ọkọ̀ fò sókè. Ní oṣù kẹfà, náírà ṣubú lójú dọ́là, páànù àti pínnì tó ń ti òkèèrè wá wọ́n gógó. Láti ìgbà yẹn, iye tí oníbáàjì bá pè fún yín, ọjọ́ méje péré ló fi wà. Ẹ má bínú sí i. Òun kọ́ ló ń ṣe owó.

NÍPARÍ

Àwọn ọmọ wa ń béèrè lọ́wọ́ wa pé iṣẹ́ wo làwọn lè ṣe nílé. Àwọn kan ti ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà, àwọn kan ń fi fóònù gba iṣẹ́ báàjì, oníbáàjì wa sì ti kọ́ mẹ́rin nínú wọn. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ wọn ní ìtàn yìí mọ́ ẹ̀rọ. Ọwọ́ tó mọ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìkan kò tó. Ẹnu gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń béèrè owó sílẹ̀, kí ojú má tì í, bí ọ̀gá tó ránṣẹ́ ì báà tóbi tó.

Báàjì tó wà láyà yín lónìí, ẹgbẹ́ sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Akápò kọ́kọ́ ráhùn pé, “Ṣé àwa náà ni yóò gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ wa?” Oníbáàjì ní òfin kò mọ ìyá, kò mọ ọmọ. Akápò sanwó. Wọ́n tẹ ọ̀kan, ààrẹ wò ó, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n tó tẹ ìyókù.

Bí àjọ̀dún bá parí, ẹ má sọ ọ́ nù. Kò sí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ yín lọ́la, ṣùgbọ́n ọmọ yín lè bá a nínú àpótí lọ́jọ́ kan. Ní tiwa, nígbà tí oníkọ̀ńdẹ́mù fi ìwọ̀n ra àpò méjì yẹn bí ẹni ra páànù àlòkù, a tọrọ báàjì kan. Ó ṣì wà nínú àpò ìwé ẹgbẹ́, a fi pínnì rẹ̀ gún ìwé ẹ̀yáwó tí a kọ “Ọjà wà nílẹ̀” sí. Ẹnikẹ́ni tó bá di akọ̀wé lẹ́yìn wa á bá a níbẹ̀.

Àṣèyí ṣàmọ́dún o. Ọjà wa ò ní kú, owó wa ò ní sọnù, onídùúró wa ò ní kábàámọ̀. Ẹ kú àjọ̀dún.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́